Ẹrù Ẹni tí Ń Tọ́jú Aláìsàn

Àwọn àgbà a máa wí pé, ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé tí HIV, kòkòrò tí ń fa àrùn éèdì, ti wọ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó ń gbé ẹrù náà. Ó lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ aya, ó sì lè jẹ́ ọmọ tí kò tí ì kúrò ní ilé-ìwé. Gbogbo ènìyàn ni ó ń rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìnira ọkàn rẹ̀ ni wọn kò rí.

Ìnira kìíní ni ìbẹ̀rù. Nígbà tí àrùn yìí kọ́kọ́ dé, kò sí oògùn tí ó kápá rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi sọ ọ́ ní kògbóògùn. Lónìí, oògùn wà. Kò lè lé kòkòrò náà kúrò nínú ara, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ń lò ó lójoojúmọ́ lè ṣiṣẹ́, kí ó sì dàgbà dárúgbó. A kì í sì í kó o nípa jíjẹun pọ̀ tàbí nípa dídì mọ́ra ẹni. Bí olùtọ́jú bá mọ èyí, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ díẹ̀.

Ìnira kejì, tí ó wúwo jù, ni àṣírí. Aládùúgbò a béèrè pé, “Kí ló ń ṣe ọmọ yín?” Ìyá a dáhùn pé, “Ibà ni.” Irọ́ kan a sì bí èkejì, títí ìyá náà yóò fi máa sá fún ẹni tí ìbá tù ú nínú. Nígbà mìíràn inú a bí i sí aláìsàn; lẹ́yìn náà, a máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera rí, sọ ní gbangba pé àrùn éèdì ni ó pa á. Ìdílé díẹ̀ ni ó ní irú ìgboyà bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Èyí kò wí pé kí a polongo alààyè ní ọjà. Aláìsàn ni ó ni àṣírí rẹ̀, òfin Nàìjíríà ti ọdún 2014 kò sì gbà kí a yà á sọ́tọ̀ nítorí àrùn náà. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá fọwọ́ sí i, kí olùtọ́jú wá ẹnì kan tí ó ṣe é finú hàn, ìbáà ṣe ìbátan tàbí nọ́ọ̀sì.

Àwa náà ní ipa tiwa. Bí a bá lọ kí aláìsàn, kí a má ṣe gbàgbé ẹni tí ó jókòó tì í. Kí a bi í pé, “Ẹ̀yin náà ńkọ́, Mà? Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ rí oorun sùn?” Ọwọ́ kejì tí yóò gbé igbá dé orí nìyẹn.