Ọgbà Ju Òdòdó Lọ

Ọgbà kọ́kọ́ jẹ́ ohun tí a fi yí ilẹ̀ ká kó tó di ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ń ṣọgbà, kì í ṣe òdòdó ló ń gbìn. Igi ló ń rì mọ́lẹ̀ yí ilé tàbí oko ká kí ewúrẹ́ má baà ráyè wọlé. Bí wọ́n bá sì ní ọgbà wó, kò sí ẹni tó máa rò pé ewébẹ̀ ló rọ.

Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe wá ń jẹ́ ohun àyíká àti ohun inú kò ṣòroó mọ̀ fún ẹni tó bá rí irú igi tí àwọn àgbà fi ń ṣọgbà. Làpálàpá ni wọ́n sábà máa ń lò, tàbí akòko, tàbí pèrègún. Ẹ̀ka làpálàpá tí a gé ní tútù, tí a rì mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, kì í kú. Yóò ta gbòǹgbò, yóò yọ ewé, ewúrẹ́ kì í sì í jẹ ewé rẹ̀. Láìpẹ́, ọgbà náà ti di igbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ilé po: òun ló ń ṣọ́ ohun ọ̀gbìn, òun náà sì ni ohun ọ̀gbìn. Ti akòko tún yàtọ̀, torí ewé rẹ̀ ni a fi ń joyè. Ọgbà tí ewé rẹ̀ ń dé orí ọba kì í ṣe ọgbà lásán.

Àwọn kan wà lórí rédíò tí wọ́n ń pe ọgbà bí ẹní ń pe ọgba, ìyẹn ọgba ti ẹlẹ́gbẹ́ àti ọgbọọgba. Ohùn kan péré ló là wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìròyìn nípa "ọgba ẹ̀wọ̀n" ti sọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n di ẹgbẹ́ ara wọn. Bóyá òótọ́ tilẹ̀ ni.

Búlọ́ọ̀kù ló gba iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọgbà, nígbà tí fẹ́ńsì bá a dé. Sọ fún bíríkìlà lónìí pé kó wá mọ ọgbà yí ilé ká, yóò wojú rẹ. Pè é ní fẹ́ńsì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye búlọ́ọ̀kù. Ìyẹn ti bọ́, kò ṣeé dá padà. Síbẹ̀, àpá iṣẹ́ àtijọ́ kò tíì parẹ́ lára ọ̀rọ̀ náà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọgbà ẹranko, ọgbà iléèwé: kò sí èyí tí kò ní géètì nínú wọn, àti ẹni tó jókòó tì í.

Nígbà tí Bíbélì Yorùbá jáde lódindi ní 1884, ọgbà ni wọ́n pe ibi tí a fi Ádámù sí, àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ kò sì ṣìnà. Párádísè, tí àwọn Gíríìkì yá lọ́wọ́ àwọn ará Páṣíà, ibi tí a mọ odi yí ká ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àlùjánnà tó ti inú èdè Lárúbáwá wá, ọgbà náà ni. Nítorí náà, oníwàásù tó ń kígbe "ọgbà Párádísè" àti ààfáà tó ń ṣèlérí "ọgbà Àlùjánnà", ọgbà inú ọgbà ni àwọn méjèèjì ń fún ìjọ. Àwítúnwí ni, ó sì ń ha etí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ inú àdúrà kì í jáde mọ́. Kí wọ́n máa lò ó.

Èyí tí kò yẹ kó rí àánú gbà ni "ṣíṣe ìlú lọ́ṣọ̀ọ́". Òun ni àwọn agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ń pe iṣẹ́ àwọn tó kọ́ nípa bí a ṣe ń to ilẹ̀, omi, igi àti ọ̀nà ìlú. Ọ̀ṣọ́ ni ohun tí a ń kó sára lẹ́yìn tí a bá ti wẹ̀ tán. Bí a bá bọ́ ọ kúrò, ara wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ti àwọn wọ̀nyí kò ṣeé bọ́ kúrò.

Central Park, ọgbà ìtura kan ní New York, jẹ́rìí sí i. Ní 1858 ni àwòrán Frederick Law Olmsted àti Calvert Vaux borí nínú ìdíje fún un. Ilẹ̀ náà jẹ́ 843 éékà, àpáta àti irà ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Adágún tí àlejò ń wò bí iṣẹ́ Ọlọ́run, ènìyàn ló gbẹ́ ẹ. Ọ̀nà mẹ́rin ló la ibẹ̀ já láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì rì wọ́n sísàlẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹrù lè máa kọjá láìdí ẹni tó ń nasẹ̀ lókè lọ́wọ́. Bí a ṣe máa fa omi irà náà àti ibi tí ọkọ̀ máa gbà ni wọ́n rò kí wọ́n tó ro òdòdó.

Ògiri òkúta kúkúrú yí Central Park ká, bí ó ti yẹ ọgbà. Kí wọ́n tó ṣe é, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ní ilẹ̀ tiwọn ń gbé lápá ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀, ní Seneca Village. Ní 1857, ìjọba kó wọn kúrò, wọ́n sì wó ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọ̀ṣọ́ kò ní ibi tó máa fi irú ọ̀rọ̀ báyìí sí. Ọgbà ní in, torí pé inú ọgbà kò lè wà kí ẹ̀yìn ọgbà má wà.

Olmsted yìí kan náà ni ìlú Boston pè nítorí irà Back Bay tó ń rùn, tí ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn sí. Ó ṣe é ní ibi tí omi àkúnya lè dúró sí, ó fi koríko àti igi bò ó, àwọn ènìyàn sì rò pé ibi ìgbafẹ́ lásán ni. Ìbàdàn mọ òdìkejì rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún, ó wọlé tọ àwọn tó kọ́lé sí etí rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀mí àti dúkìá lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ ojú odò náà tí wọ́n da kọnkéré sí i. Kọnkéré ń lé omi lọ ni, irà ló ń gbà á dúró. Onílé tó fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo inú ọgbà rẹ̀ náà ń lé omi lọ, sójú títì àti sílé aládùúgbò, ìpolówó ọjà sì ń pe ìyẹn náà ní ọ̀ṣọ́.

Yorùbá ní orúkọ fún ilẹ̀ ìlú tí a kò ṣọgbà yí ká. Ìta ni, ojúde ni. Ìta-Fájì wà ní Èkó, Ìta-Ìyálóde wà ní Abẹ́òkúta, ojúde Awùjalẹ̀ sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn ìdílé Balógun ti ń gẹṣin ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ààfin láàárín ìlú, ọjà níwájú rẹ̀, igi odán níbi tí àwọn àgbà máa jókòó sí: ètò ilẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tí géètì ń dá dúró. Ó yẹ kí a máa pe ilẹ̀ gbangba báyìí ní ìta, ṣùgbọ́n "ọgbà ìtura" ti gbà á, ì báà ní fẹ́ńsì, ì báà má ní. Ẹni tó bá ń bá a jà báyìí kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni.

Ibì kan wà tí orúkọ náà ti bá a mu rẹ́gí. Ní Broad Street, ní Èkó, ìjọba amúnisìn kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, ló sọ ọ́ di Freedom Park, tí wọ́n ṣí ní 2010 nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún. Kò pa ojú ibẹ̀ rẹ́: ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún àwọn tí a dájọ́ ikú fún ni àwọn olórin àti òṣèré ti ń ṣeré báyìí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n di ọgbà ìtura, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò sì yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹni tó bá máa ròyìn irú iṣẹ́ yẹn lórí rédíò, kó pè é ní ìṣètò ilẹ̀ ìlú, kó sì fi ọ̀ṣọ́ sílẹ̀ fún àwọn ìyàwó ọ̀ṣìngín.