Ta Ni Ó Ṣẹ́gun? Ẹ̀kọ́ Lórí Eré Sinimá Tí Ń Dẹ́rù Bani



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ìyá kan nínú ìjọ wa mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sí ilé àlùfáà. Ọmọ náà kò ju ọdún mẹ́tàlá lọ. Ìyá náà kúnlẹ̀, ó ní, “Fáàdà, ẹ dákun, ẹ bá mi lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára ọmọ yìí.” Mo bi í léèrè ohun tí ó rí. Ó ní ọmọ náà a máa ṣubú lulẹ̀ lójijì, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n, itọ́ a sì máa hó lẹ́nu rẹ̀. Mo tún bi í bóyá ó ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó dáhùn pé dókítà ti fún un ní oògùn wárápá, ṣùgbọ́n pé òun ti dá oògùn náà dúró láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí pé òun àti àwọn ọmọ òun wo fíìmù kan lórí fóònù, òun sì rí i pé bí ọmọbìnrin inú fíìmù náà ti ń ṣe gan-an ni ọmọ òun ń ṣe.

The Exorcist ni fíìmù náà. Nítorí ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni mo ṣe fẹ́ kí a yẹ eré náà wò lọ́sẹ̀ yìí, àti èrò àwọn tí ó fẹ́ràn irú eré bẹ́ẹ̀. N kò kọ ọ́ láti fi bú ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ wa ń wò ó. Èmi pàápàá ti wò ó. Àwọn baba wa pẹ̀lú a máa pa àlọ́ iwin àti ti ọ̀rọ̀ fún wa lábẹ́ òṣùpá, àwa ọmọdé a sì máa sún mọ́ ara wa, síbẹ̀ a kì í fẹ́ kí àlọ́ náà tán. Nígbà tí D. O. Fágúnwà, tí í ṣe olùkọ́ àti onígbàgbọ́, tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, irú ìbẹ̀rù aládùn bẹ́ẹ̀ ni ó fi fa àwọn ènìyàn mọ́ra. Ìtàn tí ń dẹ́rù bani kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ohun tí a bá mú jáde láti inú rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò.

ÌTÀN ERÉ NÁÀ

Ọmọ Ìjọ Kátólíìkì ni William Peter Blatty tí ó kọ ìtàn náà. Yunifásítì Georgetown, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Jésúìtì ní ìlú Washington, ni ó ti kàwé. Ní ọdún 1949, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó kà nínú ìwé ìròyìn nípa ọmọdékùnrin kan ará ìpínlẹ̀ Maryland tí wọ́n ní àwọn àlùfáà lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1971, eré sinimá tí William Friedkin darí sì bọ́ sí gbangba ní ọjọ́ 26 oṣù December, ọdún 1973.

Regan, ọmọ ọdún 12, ni ìṣòro dé bá nínú eré náà. Òṣèré sinimá ni ìyá rẹ̀, kì í sì í ṣe onígbàgbọ́. Àlùfáà méjì ni ó wá ràn wọ́n lọ́wọ́: Merrin tí ó ti darúgbó, tí ọkàn rẹ̀ kò sì le mọ́, àti Karras, tí í ṣe dókítà àrùn ọpọlọ pẹ̀lú, tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí ìgbàgbọ́ òun fúnra rẹ̀ sì ń mì.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn tò sí ìlà gígùn nínú òtútù láti wò ó. Àwọn kan dákú nínú ilé sinimá. Àwọn kan bì. Àwọn kan sì dìde, wọ́n jáde. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀bùn Oscar mẹ́wàá, ó sì gba méjì. Blatty fúnra rẹ̀ ni ó gba ọ̀kan, nítorí bí ó ti sọ ìwé rẹ̀ di eré. Lónìí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò tíì dákẹ́ àríyànjiyàn.

ÈRÒ ÀWỌN ÒǸWÒRAN

Èkínní. Àwọn kan, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ní eré náà kò dẹ́rù bani mọ́. Wọ́n ní ó falẹ̀, ibòmíràn nínú rẹ̀ sì pa àwọn lẹ́rìn-ín. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ó bá ń jẹ ata púpọ̀ lójoojúmọ́, ata kì í ta á mọ́. Eré tẹlifíṣọ̀n tí a ń wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ a máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox sọ ìtàn yìí di irú eré bẹ́ẹ̀ láti 2016 sí 2017. Irú eré alápá púpọ̀ báyìí ní àǹfààní kan: a ń ráyè mọ ìdílé tí ìyọnu dé bá. Ó sì ní ewu kan: ìrora ọmọ ẹlòmíràn lè di ohun tí a ń jẹ ẹ̀pà wò, tí ojú wa kò ní í ṣẹ́.

Èkejì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sọ pé kì í ṣe ibi tí orí ọmọ náà ti yí sẹ́yìn ni ó ń bà wọ́n lẹ́rù jù. Ilé ìwòsàn ni: ibi tí wọ́n ti tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un lọ́rùn, tí ẹ̀jẹ̀ tú jáde, tí ẹ̀rọ ńlá sì ń pariwo lórí rẹ̀ láti ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀. Àwọn òǹwòran wọ̀nyí ríran dáadáa. Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Ẹ kíyèsí i pẹ̀lú pé ilé ìwòsàn ni ìyá Regan kọ́kọ́ sáré lọ. Nígbà tí ó tọ Karras wá, Karras kò gbà lójú ẹsẹ̀. Ó bu omi ẹ̀rọ lásán, ó pè é ní omi mímọ́, ó sì fi wọ́n ọmọ náà. Ọmọ náà kígbe, ó ń yí gbirigbiri. Èyí sì mú kí àlùfáà náà túbọ̀ ṣiyèméjì, nítorí ó mọ̀ pé omi lásán ni. Lẹ́yìn ìwádìí púpọ̀ ni ó tó lọ bá Bíṣọ́ọ̀bù, Bíṣọ́ọ̀bù ni ó sì fún wọn láṣẹ.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó tóbi jù: ta ni ó ṣẹ́gun? Ní òpin eré náà, Merrin ti kú sórí iṣẹ́. Karras ké sí ẹ̀mí búburú náà pé kí ó wọ inú òun, ó wọlé, kí ó má baà fi ọwọ́ Karras pa ọmọ náà, Karras fò gba ojú fèrèsé, ó sì ré lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta. Àwọn kan ní, “Èṣù borí, àlùfáà méjì ti kú.” Àwọn mìíràn ní, “Rárá, ọmọ náà yè.” Inú Blatty kò dùn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èṣù ni ó borí. Ní ọdún 2000, wọ́n dá àwọn ibi kan tí Friedkin ti gé kúrò padà sínú eré náà. Ọ̀kan nínú wọn ni ibi tí àwọn àlùfáà méjèèjì jókòó lórí àtẹ̀gùn, tí Karras béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ ọmọ yìí. Ìdáhùn Merrin ni pé ohun tí ọ̀tá ń wá ni kí àwọn tí ó dúró yí ọmọ náà ká sọ̀rètí nù, kí wọ́n máa wo ara wọn bí ẹranko, kí wọ́n sì rò pé Ọlọ́run kò lè fẹ́ràn irú wọn.

OHUN TÍ ÌJỌ MÍMỌ́ FI KỌ́ WA

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ ohun tí Karras ṣe tọ̀nà?

Ìdáhùn: Kò sí àlùfáà tí a kọ́ láti ké sí ẹ̀mí àìmọ́ wá sínú ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní àṣẹ láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Síbẹ̀, ìfẹ́ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, irú ìfẹ́ tí Olúwa wa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú Ìhìnrere Jòhánù Mímọ́, orí 15. Ẹ má sì gbàgbé ohun tí ó tẹ̀ lé e, tí ọ̀pọ̀ òǹwòran ń fò dá. Àlùfáà ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré dé, ó bi í bóyá ó fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Karras kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó fún ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìka. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fún un ní ìdáríjì. Kò sí ariwo níbẹ̀, kò sí ibùsùn tí ń fò. Bí a bá ń wá ìṣẹ́gun, ibẹ̀ ni kí a wò.

Ìbéèrè: Ta ni ó lè lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lórúkọ Ìjọ?

Ìdáhùn: Àlùfáà tí Bíṣọ́ọ̀bù bá fún láṣẹ pàtàkì nìkan, gẹ́gẹ́ bí òfin 1172 nínú ìwé òfin Ìjọ ti ọdún 1983. Ìwé Katikísímù sì pàṣẹ pé kí a kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe àìsàn, nítorí iṣẹ́ dókítà ni ìtọ́jú àìsàn.

Ẹ̀yin olùfẹ́, ìyá tí ó wá bá mi wo eré náà tán, ó rántí ibùsùn tí ń fò, ó sì gbàgbé ilé ìwòsàn. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo súre fún ọmọ náà, mo gbàdúrà sí i lórí, lẹ́yìn náà ni mo ní, “Ìyá, ẹ padà lọ bá dókítà lọ́la, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la ṣú.” Ó sunkún. Ó rò pé mo lé òun ni. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni a jọ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà sì bá a wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé dídá oògùn dúró lójijì lè pa ọmọ. Ọmọ náà kò tíì sàn tán, ṣùgbọ́n ó ti padà sí ilé ìwé. Ohun tí ó dun ìyá rẹ̀ jù ni pé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ara rẹ̀. Ó ń béèrè bóyá Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Merrin lórí àtẹ̀gùn! Ìsọ̀rètí nù ni ọ̀tá ń wá, kò sì pọn dandan kí ó wọ ara ẹnikẹ́ni kí ó tó rí i gbà. Ẹni tí ó bá pe ọmọ aláìsàn ní ẹlẹ́mìí èṣù ti ṣe iṣẹ́ náà fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Lẹ́yìn tí a bá wo eré tí ń dẹ́rù bani, ǹjẹ́ àánú wa fún aláìsàn a máa pọ̀ sí i, tàbí ó ń dín kù?

2. Ǹjẹ́ ẹnìkan wà ní àdúgbò wa tí àwọn ènìyàn ń sá fún nítorí àìsàn rẹ̀? Ta ni yóò bẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí?

3. Ta ni ó ń jókòó ti àwọn ọmọ wa nígbà tí wọ́n bá ń wo irú eré wọ̀nyí, tí ó sì ń dáhùn ìbéèrè wọn?

Kí Màríà Wúńdíá, Ìlera àwọn Aláìsàn, máa gbàdúrà fún wa. Àmín.