AGBÁRA ARA FÚN ÌYÁ ÀGBÀ

Bíbélì kíkà: Jóṣúà 14:6-12, Òwe 31:10-31

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ìdí tí iṣan fi ń rọ lọ́jọ́ ogbó, àti ohun tí a lè ṣe sí i nínú ilé wa.



Ẹni ọdún 85 ni Kálébù nígbà tí ó lọ bá Jóṣúà pé kí ó fún òun ní ilẹ̀ olókè tí Ọlọ́run ṣèlérí. Ó jẹ́rìí pé agbára òun kò tíì dín. Bí a bá sì ka Òwe 31 dáadáa, a ó rí i pé apá obìnrin náà le fún iṣẹ́. Nítorí náà, agbára ara kì í ṣe ohun ìtìjú fún àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan.

1. Kí ni ó ń mú iṣan rọ?

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 30, iṣan ara a máa dín díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn 60 ó sì ń yára sí i. Àwa a ní, "Ọjọ́ orí ni." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àìlò náà wà níbẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọdé tí wọ́n di símẹ́ńtì mọ́ nítorí egungun tó dá. Bí wọ́n bá tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹsẹ̀ náà yóò ti tín-ín-rín ju èkejì lọ. Ọmọdé ni, kò tíì dàgbà. Àìlò ló fà á.

Ní Ọ̀tà àti Sango wa yìí, ohun tí àìlágbára ń gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà kò kéré. Kò ní lè gun dáńfó láìjẹ́ pé wọ́n tì í. Bí ó bá kúnlẹ̀ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, àfi kí wọ́n fà á dìde. Èyí tó burú jù ni ìṣubú. Bí egungun ìbàdí bá dá, ìsọ̀ ti di títì nìyẹn. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ yóò wà láàárín iṣẹ́ rẹ̀ àti gbígbé ìyá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

2. Ǹjẹ́ kò ti pẹ́ jù?

Ní 1990, ní Boston ní Amẹ́ríkà, Dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó arúgbó 10 jọ nínú ilé ìtọ́jú àgbà. Àwọn tó tó ẹni 90 ọdún ni wọ́n. Wọ́n fi ẹsẹ̀ gbé ohun wíwúwo fún ọ̀sẹ̀ 8. Agbára ẹsẹ̀ àwọn tó parí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ti pé 65 máa ṣe ìdárayá tó ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó sì ṣe ti ìdúró ṣinṣin ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹlòmíràn lè ní, "Mo ń gbálẹ̀, mo sì ń rìn lọ sí ọjà." Ó dára, ìrìn ń ran ọkàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iṣan kì í le sí i àfi tí ẹrù rẹ̀ bá ju èyí tó ti mọ̀ lára lọ.

3. Bí a ó ti ṣe é

(a) Ẹ jókòó sórí àga tó le, tó fara ti ògiri. Ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, ẹ dìde nàró, ẹ rọra jókòó, ní ìgbà 8 sí 10. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ti àga.

(b) Ẹ dojú kọ ògiri, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í, ẹ tẹ ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ sì tún ti ara yín padà.

(d) Ẹ di tábìlì mú, ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, kí gìgísẹ̀ gbé sókè.

(e) Ẹ fi omi inú ọ̀rá méjì sínú àpò kan. Ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, nítorí náà méjèèjì tó kílò kan. Ẹ gbé e láti itan dé èjìká.

(ẹ) Ẹ di ẹ̀yìn àga mú, ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí ẹ ka 10.

Ẹ má ṣe sé èémí. Ẹ fi ọjọ́ kan sinmi láàárín. Bí ó bá ti rọrùn, ẹ fi omi kan kún un. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ má sì gbàgbé ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin àti ẹja, nítorí wọn ni iṣan fi ń kọ́ ara rẹ̀.

Ìkìlọ̀: Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, tí ọkàn ń yọ lẹ́nu, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí ó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ dókítà. Bí àyà bá ń dunni tàbí òòyì ń kọ́ni, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀.

4. Iṣẹ́ àṣetiléwá

Kí ẹnì kan wo aago fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí a ka iye ìgbà tí a lè dìde lórí àga láìfọwọ́tì. Obìnrin ẹni 65 sí 69 tí kò tó 11, tàbí ẹni 70 sí 79 tí kò tó 10, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára tó, ìṣubú sì súnmọ́ ọn. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, kí ẹ tún un kà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: (i) Kí ni Kálébù fẹ́ fi agbára rẹ̀ ṣe? (ii) Iṣẹ́ Olúwa wo ni a ti fi sílẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tí kò gbé wa mọ́? (iii) Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tí a lè máa lọ bá ṣe é nílé?

Kí Olúwa fún wa ní ẹsẹ̀ tí a ó máa fi rìn wọ ilé Rẹ̀. Àmín.