Ẹ Gba Oríkì Ìyá Yín Lára Ìkòkò Tábà

*Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Mo ní ìkòkò tábà mẹ́rin, mo sì sọ gbogbo wọn lórúkọ. Àyànfẹ́ mi ni funfun kan tí ọmọ mi rà bọ̀ láti Tọ́kì. Àbẹ̀kẹ́ ni mò ń pè é, oríkì ìyá wa tó ti di olóògbé. Láti ìgbà tí àwọn àbúrò mi obìnrin ti gbọ́, wọ́n ń bá mi yan odì. Wọ́n ní mo fi àbùkù kan ìyá wa. Bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ló mú mi ṣe é. Kí ni kí n ṣe?*
Bàbá kan, Ìbàdàn

Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìwà ọmọdé ni kéèyàn sọ ìkòkò lórúkọ. Ìkòkò tí a bá lò gbọ́dọ̀ sinmi kí inú rẹ̀ lè gbẹ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fà á kì í fi í ní ẹyọ kan ṣoṣo. Nílẹ̀ Yúróòpù, wọ́n tilẹ̀ máa ń ta méje pọ̀ nínú àpótí kan, ìkòkò kan fún ọjọ́ kan títí ọ̀sẹ̀ á fi pé. Ẹni tó bá sì ní púpọ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi máa dá wọn mọ̀.

Ṣùgbọ́n lórí ti Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn àwọn àbúrò yín ni mo wà. Oríkì la fi ń pọ́n ènìyàn lé, tí orí rẹ̀ á wú. Ẹ wá wo ohun tí ẹ ń ṣe sí ìkòkò yìí: iná lẹ ń kó sí i lẹ́nu, ọ̀bẹ lẹ fi ń ha inú rẹ̀, ẹ sì ń gbọn eérú rẹ̀ dànù. Kí àbúrò yín wá wọlé, kó gbọ́ tí ẹ ń wí fún ọmọ-ọmọ yín pé, "Bá mi gbé Àbẹ̀kẹ́ wá kí n ha á." Ṣé kò ní dùn ún wọra?

Ìnagijẹ ló yẹ ìkòkò, ọ̀gá iṣẹ́ náà sì wà nínú ilé yín: ìyàwó yín. Ìyàwó ilé Yorùbá kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Ohun tó bá rí lára rẹ̀ ló fi ń pè é: Adúmáadán, Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́, Ìbàdíàrán, Eyínfúnjowó. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa yìí wù mí púpọ̀, nítorí ó ń dùn létí láìfọwọ́ kan orúkọ tí òbí sọ ọmọ. Ẹ to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú ìyàwó yín. Èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn lè máa jẹ́ Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́. Èyí tó dúdú tó ń dán, Adúmáadán. Ẹ fara balẹ̀ lórí funfun yẹn o. Bó bá jẹ́ òkúta fífúyẹ́ tí wọ́n ń wà ní Eskişehir nílẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kò ní funfun títí. Bí ẹ ṣe ń lò ó ni àwọ̀ rẹ̀ á máa yí, títí yóò fi pọ́n bí oyin. Ẹni tó bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó lónìí, kó múra àtitún un sọ.

Mi ò ní ṣàì sọ èyí náà: bí èèyàn kò tilẹ̀ gbé èéfín ìkòkò mì, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹnu àti ti ọ̀nà ọ̀fun. Bí egbò kan bá wà lẹ́nu yín tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò jiná, ẹ lọ rí dókítà. Inú mi á dùn jọjọ bí ẹ bá lè fi tábà sílẹ̀ pátápátá. Ìkòkò tí kò rí iná mọ́ ṣì lè wà lórí tábìlì, kó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ti àwọn àbúrò yín, ẹ má fi fóònù ṣe é. Ẹ ní kí wọ́n wá sílé. Ẹ kọ́kọ́ sọ pé ẹ ti gba oríkì ìyá yín padà lára ìkòkò, kí ẹ tó ṣàlàyé ìfẹ́ tó sún yín dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá sì tún bí ọmọ obìnrin sínú ẹbí, ẹ̀yin ni kí ẹ bẹ òbí rẹ̀ pé kí wọ́n fi Àbẹ̀kẹ́ ṣe oríkì rẹ̀. Ìyẹn, ẹ lè máa kì í láràárọ̀, kò sí àbúrò tí yóò bínú.