Fíríìjì tó ń dá yìnyín ṣe: kí ẹ tó san owó, ẹ ka ìwé ẹ̀yìn rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta sóbò àti omi tútù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lọ kí màmá wa ní Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ló ti rí fíríìjì tòkunbọ̀ kan, onílẹ̀kùn méjì, tó ń dá yìnyín ṣe fúnra rẹ̀. Ó pè mí kíá.

"Wò ó, ìwọ tó ò ń ka sáyẹ́ǹsì, ṣé kí n rà á? Owó àjọ mi ti bọ́ sọ́wọ́."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ìwé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi."

Ohun tí mo rí nínú fọ́tò yẹn ló jẹ́ kí n kọ ẹ̀kọ́ òní. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí fíríìjì ń ṣe gan-an.

Amù ìyá àgbà

Ẹni tó bá ti mu omi amù rí mọ̀ pé ó máa ń tutù láìsí iná. Kí ló fà á? Omi díẹ̀ máa ń gba ara amọ̀ yọ síta, atẹ́gùn á gbé e lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń kó ooru inú amù dání. Ọgbọ́n yìí ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, lò nígbà tó gbé ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá, tó fi iyanrìn tútù há àárín wọn, kí tòmátì àti ẹ̀fọ́ má baà tètè bàjẹ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000 nítorí rẹ̀.

Iṣẹ́ kan náà ni fíríìjì ń ṣe. Kì í ṣe pé ó ń pèsè òtútù, ooru ló ń kó jáde. Gáàsì inú páìpù rẹ̀ ló dà bí omi ara amù. Olómi ló ń wọ inú fíríìjì, á gba ooru ibẹ̀, á di afẹ́fẹ́. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á wá fún un pọ̀, á tì í lọ sí páìpù ẹ̀yìn, á tú ooru yẹn sí inú yàrá, á sì padà di olómi. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fíríìjì fi máa ń gbóná.

Ẹ kíyè sí i: gáàsì yìí ń yí po ni, kì í jáde. Kì í tán bí epo mọ́tò. Tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ máa rọ gáàsì lọ́dọọdún, ẹ bi í pé níbo ló ti ń jò.

Kí ló dé tí omi tutù àmọ́ tí kò dì?

Gbogbo ẹni tó ń ta áìsì búlọ́ọ̀kì ló mọ ìbéèrè yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ kó ogún píọ̀ wọ́tà sínú fíríísà. 50cl ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, lítà 10 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn kílò 10. Omi náà wà ní 30°C.

- Láti mú kílò 1 omi wálẹ̀ ní 1°C, a ó yọ ooru kílójúùlù 4.2. Láti 30 dé 0: 10 × 4.2 × 30 = 1,260.
- Omi tó dé 0°C ò tíì di yìnyín o. A ó tún yọ kílójúùlù 334 lára kílò kọ̀ọ̀kan kó tó dì: 10 × 334 = 3,340.
- Àpapọ̀: kílójúùlù 4,600.

Ṣé ẹ rí i? Dídì nìkan gba ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ ohun tí títutù gbà. Ká ní fíríísà yín lè kó ooru jáde ní ìwọ̀n wáàtì 150, kílójúùlù 540 nìyẹn ní wákàtí kan. Ogún píọ̀ wọ́tà yẹn á gbà tó wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀, láì tíì ka ooru tó ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé. Tí wọ́n bá mú iná wá fún wákàtí mẹ́rin péré, kílò 2.7 ló máa dì nínú mẹ́wàá. Ìyókù á tutù lásán, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná tí iná bá lọ.

Kí ni ká ṣe? Ẹ kó mẹ́jọ sí i dípò ogún. Kílójúùlù 1,840 ni mẹ́jọ gbà, á dì láàárín wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Yìnyín mẹ́jọ tó dì dáadáa sàn ju ogún ọ̀rá omi tútù tí kò ṣeé tà lọ.

Ẹ̀rọ yìnyín fúnra rẹ̀

Fíríìjì tó ń dá yìnyín ṣe ní fálífù kan lẹ́yìn. Fálífù yìí á ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, omi á kún inú abọ́ kékeré. Tí abọ́ náà bá tutù dé nǹkan bíi 9°C sí ìsàlẹ̀ òdo, waya kékeré kan á mú un gbóná díẹ̀ kí yìnyín lè tú, apá kan á wá tì í sínú garawa rẹ̀. Tí garawa bá kún, yìnyín á gbé waya kan sókè, ẹ̀rọ á dúró. (Tí tiyín ò bá ṣe yìnyín rárá, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ẹnì kan ti gbé waya yẹn sókè.)

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni omi. Ọ̀pọ̀ irú fíríìjì bẹ́ẹ̀ ń béèrè pé kí omi máa wá pẹ̀lú agbára psi 20, ó kéré tán. Gíga mítà 1 ń fún omi ní nǹkan bíi psi 1.4. Tánkì tó ga ju fíríìjì lọ ní mítà 5, psi 7 ni. Kẹ́ ẹ tó rí psi 20, tánkì yín gbọ́dọ̀ ga tó mítà 14! Ilé mélòó ló ní irú ẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́? Láìsí páǹpù tó ń ti omi, yìnyín tín-ín-tìn-ìn-tín ni ẹ ó rí, tàbí kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan. Ìṣòro kejì ni iná: tó bá lọ pẹ́, yìnyín inú garawa á yọ́, tó bá sì dé, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀ di òkúta kan.

Ohun tó wà nínú fọ́tò

115V, 60Hz. Fíríìjì Amẹ́ríkà ni. Iná tiwa 230V, 50Hz ni. Ẹni tó ń tà á ní kí ẹ̀gbọ́n mi ra tíránsífọ́mà. Òótọ́ ni pé tíránsífọ́mà á sọ 230 di 115, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 di 60. Mọ́tò náà á máa yí lọ́ra, á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ títí á fi jó. Ẹ rántí pẹ̀lú pé fíríìjì àlòkù wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n má kó wọ Nàìjíríà mọ́.

Tó bá ń dààmú yín nílé

- *Ó ń ró "kẹ́", ó dákẹ́, ó tún ró "kẹ́":* ó lè jẹ́ pé iná ò lágbára. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fẹ́ dìde, kò lè dìde, ara rẹ̀ gbóná, ohun tó ń dáàbò bò ó sì já iná. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná. Sítébíláísà tó ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó tan iná sí i ló dáa jù. Nítorí ìdìde yìí náà ni jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" kì í fi lè gbé ọ̀pọ̀ fíríísà.
- *Ó ń ṣiṣẹ́ àmọ́ kò tutù:* ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ fà á. Tó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ilẹ̀kùn ti bàjẹ́. Ẹ fa ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lára ògiri, kẹ́ ẹ gbọn eruku dànù.
- *Yìnyín bo ara fíríísà:* ẹ pa á kó yọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ gún un láéláé. Ihò kan péré, gáàsì lọ.
- *Ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ kọ R600a:* gáàsì yìí máa ń gbiná. Kí ẹni tó ń tún un ṣe má tan iná nítòsí rẹ̀ kó tó tú u síta.
- *Iná lọ:* ẹ má ṣí i. Oúnjẹ inú fíríìjì lè fara dà á fún wákàtí mẹ́rin. Fíríísà tó kún dẹ́nu lè dúró wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì, 24. Ẹran tàbí ẹja tó ti gbóná ju 4°C lọ pẹ́, ẹ má tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá ó dáa. Ẹ dà á nù.

Ẹ̀gbọ́n mi ò ra fíríìjì yẹn. Fíríísà tó ń ṣí láti òkè ló rà, 230V, pẹ̀lú sítébíláísà. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo. Tẹ́ ẹ bá ṣí irú fíríísà bẹ́ẹ̀, òtútù ò ní dà sílẹ̀ bíi ti onílẹ̀kùn iwájú. Àwo ike ló fi ń ṣe yìnyín báyìí, mẹ́jọ mẹ́jọ ló sì ń kó píọ̀ wọ́tà sí i. Lánàá, ó ní, "Ó mà dì o! Àwọn ọmọ Under G ti rà á tán kó tó di ọ̀sán."

Lálẹ́ òní, ẹ lọ sẹ́yìn fíríìjì yín, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: fóòtì, Hz, lítà àti orúkọ gáàsì.