Kí O Tó Jókòó Sórí Àga Yẹn

Ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe alábòójútó ilé àti ohun èlò níbi iṣẹ́ rẹ ní Ìjerò. Mo bá ọ yọ̀. Ọdún 31 ni mo fi ṣe irú iṣẹ́ yìí kiri, láti Àrámọkọ dé Ẹ̀fọ̀n, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Oǹdó àti lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́.

Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé a kì í ṣiṣẹ́ ìjọba làágùn. Má bá wọn jà, ṣùgbọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń wó ilé wa. Ilé tí a ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí a fi owó ará ìlú kọ́, a ń pè é ní ti ìjọba bí ẹni pé àlejò kan ló ni ín, tí yóò padà wá tún un ṣe.

Ní ọdún kejì tí mo wọṣẹ́, mo rí àbàwọ́n kan lára sílìn ọ́fíìsì kan tó wà lábẹ́ àbójútó mi. Kò ju ẹnu ife lọ. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò ló fa ìṣó kan yọ lára páànù. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi lẹ́nu, ó ní kí a dúró de owó ọdún tó ń bọ̀, èmi náà sì dákẹ́. Nígbà tó fi di ọdún tó tẹ̀ lé e, àbàwọ́n náà ti tó abọ́ ìyẹ̀fun. Ikán tẹ̀ lé ọ̀rinrin gun ògiri, wọ́n wọnú igi àjà, wọ́n ń jẹ ẹ́ níbi tí ojú wa kò tó. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan a ṣílẹ̀kùn, sílìn ti já lulẹ̀ sórí fáìlì àwọn olùkọ́ tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì. Ìyá àgbàlagbà kan, tí ìyẹn jẹ́ ìgbà kẹta tó ń ti Òkèmẹ̀sí wá nítorí fáìlì tirẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Kò sọ nǹkan kan. Ojú tó fi wò wá kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Iṣẹ́ tí kápẹ́ńtà kan ìbá fi ìṣó àti rọ́bà parí ní ìdajì ọjọ́ ló wá di òrùlé yàrá márùn-ún. Ohun tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé n kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní mo kọ ọ́, tí mo fi ọjọ́ sí i, tí ọ̀gá mi fọwọ́ sí i, òun kì bá lè sọ pé òun kò gbọ́, èmi náà kì bá lè sọ pé mo gbàgbé.

Nítorí náà, ìwé ni kí o kọ́kọ́ rà. Ìwé ńlá, ẹlẹ́yìn líle. Fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, kí o kọ ohun tó bàjẹ́, ọjọ́ tí o rí i, ẹni tí o sọ fún, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe àti iye tó ná wa. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Fún àwa tó ń tọ́jú ilé, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òwe lásán. Níbi tí ògiri bá ti là, fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí òpin ibi tó là dé, kí o kọ ọjọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Padà wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí ó bá ti kọjá ìlà rẹ, kì í ṣe ọ̀dà ló kàn o, ó lè jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ló ń rìn. Pe onímọ̀ nípa ilé kíkọ́ kí òjò tó dé.

Wo Ìkògòsì tó wà nítòsí wa níbí. Omi gbígbóná ibẹ̀ ń ru láti inú ilẹ̀, ó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní orísun rẹ̀, ó pàdé omi tútù, àwọn méjèèjì jọ ń ṣàn lọ láìsí ẹni tó ń tún wọn ṣe. Àwọn ilé àlejò tí a kọ́ yí wọn ká kò rí bẹ́ẹ̀. A tún wọn ṣe lákọ̀tun ní sáà àkọ́kọ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láàárín 2010 sí 2014. Wọ́n tún rẹ̀ sílẹ̀. Ní sáà rẹ̀ kejì, tó parí ní 2022, wọ́n fi wọ́n sọ́wọ́ aládàáni, wọ́n sì tún wọn ṣe. Iṣẹ́ kan náà ni a ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Kíkọ́ ilé kò ṣòro fún wa ní Èkìtì. Ọdún kẹrin lẹ́yìn ayẹyẹ ìṣílé ló ń dán wa wò. Àwọn baba wa mọ èyí. Nígbà tí Agbọ́nbíọ̀fẹ́ agbẹ́gilére, ti ìdílé Adéṣínà, tó kú ní 1945, ń gbẹ́ òpó sí ààfin ọba Aláayè ní Ẹ̀fọ̀n, ó mọ̀ pé bó ti wù kí igi le tó, ẹni tó bá ń bo orí òpó ló ń dá ẹ̀mí òpó sí.

Ọ̀rọ̀ iná wá. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn tí wọ́n fi sí Band A, ìsọ̀rí àwọn tó ń rí iná jù, fò láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 fún ẹyọ kan. Ọdún kan ṣáájú ni wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróòlù kúrò lábẹ́ náírà 200 tó sì fò dé nǹkan bí 500. Ìwọ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí bí a ti ṣe é nígbà tiwa. Máa ka mítà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí o tún kà á ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èmi ṣe é nígbà kan: kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọgbà wa fún odidi ọjọ́ méjì, síbẹ̀ mítà rìn bí ẹni pé gbogbo wa wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa súwísì lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé ìdí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga. Bọ́ọ̀lù inú táǹkì ti bàjẹ́, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé omi ti kún, ó ń fà á tọ̀sán tòru, omi ń dà sínú gọ́tà. Bọ́ọ̀lù kan péré!

Bí àwọn tó ń ta sólà bá wá bá ọ, gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí ó dára. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ka gílóòbù rẹ. Èyí tó ń jẹ wáàtì 60, LED wáàtì 9 tàbí 10 lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Tún fèrèsé tí kò ṣí mọ́ ṣe. Ìlú wa orí òkè ni, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wa, kò yẹ kí a ti ara wa mọ́nú yàrá kí a sì máa fi jẹnẹrétọ̀ ra atẹ́gùn. Ilé àwọn baba wa ní àgbàlá láàárín, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni òjò orí òrùlé ń gbà bọ́ sínú ìkòkò. Ìṣirò rẹ̀ kò le: mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà kan. Òjò wa sábà máa ń ju mílímítà 1,000 lọ lọ́dún. Bí òrùlé rẹ bá fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 200, lítà tó lé ní 200,000 ló ń ṣàn kọjá lójú rẹ lọ́dọọdún, tí ó sì ń jẹ ìpìlẹ̀ ilé rẹ lọ. Gbé gọ́tà sí etí òrùlé, kí o gbé táǹkì sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ omi tó ń kán tó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan náà, ọ̀pọ̀ lítà omi ló ń dà nù lóòjọ́. Rọ́bà inú rẹ̀ kò wọ́n.

Kí àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ ṣáájú ọ̀gá nínú àwọn tí o máa ń kí láàárọ̀. Kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, má ṣe kí wọn lórí ìrìn. Àwọn ló kọ́kọ́ ń mọ yàrá tí omi ti ń jò, àti ibi tí wáyà ti ń rùn bí ẹni pé ó ń jóná. Iná kì í ṣeré: bí o bá dé Ìbàdàn, wo Ilé Kòkó, alájà 26, tí wọ́n parí ní 1965. Iná jó o ní 1985, ó sì di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣí. Ọdún méje! Má fi ọ̀rọ̀ ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun ń gbọ́ òórùn wáyà dọ̀la.

Mo fi tọ́ọ̀ṣì mi rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Ìwé ilé tí mo lò gbẹ̀yìn wà pẹ̀lú rẹ̀, kí o lè rí bí mo ṣe ń fa ìlà sí i. Òjò àkọ́rọ̀ kò ní í pẹ́ dé mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, kí o tó jókòó sórí àga yẹn, ní kí wọ́n gbé àkàbà wá fún ọ.