Ojúlùmọ̀ Nínú Òwò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba nínú òwò ṣíṣe. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé owó nìkan ni ìpìlẹ̀ òwò. Nítorí náà, bí owó kò bá sí lọ́wọ́ wọn, wọn a káwọ́ lérí, wọn a máa dárò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ìtàn àwọn oníṣòwò Yorùbá fínnífínní yóò rí i pé púpọ̀ nínú wọn ní ènìyàn kí wọ́n tó ní owó.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn Yorùbá tí wọ́n lọ ṣòwò ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà láti ọdún 1957. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìgbòho, Ṣakí àti àwọn ìlú mìíràn ni wọ́n ti lọ, wọ́n sì pàtẹ ọjà káàkiri, títí dé Tamale ní ìhà àríwá. Púpọ̀ nínú wọn kò mú owó ńlá kúrò nílé. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ilé ìbátan rẹ̀ ni yóò wọ̀ sí. Yóò sin ìbátan náà fún ọdún mélòó kan, yóò máa kiri ọjà fún un, yóò sì máa jíṣẹ́ owó. Níbẹ̀ ni yóò ti gbọ́ èdè àwọn onílẹ̀, tí yóò mọ iye tí a ń ra ọjà àti iye tí a ń tà á. Nígbà tí àkókò bá tó, ọ̀gá rẹ̀ a fún un ní owó tàbí ọjà díẹ̀ kí ó fi máa ṣe ti ara rẹ̀. Bí èyí kò bá tó, àgbà kan lè ṣe onídùúró fún un lọ́dọ̀ oníṣòwò ńlá, kí ó gba ọjà láwìn, kí ó sì san owó nígbà tí ó bá tà á. Àwọn obìnrin kò gbẹ́yìn: ọ̀pọ̀ nínú wọn gba owó ìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ tàbí ìyá wọn.

Kí ni ẹni tí ó tú ọjà sílẹ̀ láwìn báyìí gbójú lé? Orúkọ ẹni tí ó gbà á ni. Bí ọmọ náà bá jẹ owó mọ́lẹ̀, ìtìjú a bá onídùúró, ìròyìn a sì dé ilé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé, ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gba ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò ní ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì fi gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n sílẹ̀ lọ. Òwò tí a fi ọdún púpọ̀ kó jọ bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí kò gbàgbé ará ilé ní gbogbo ìgbà tí ó fi wà lájò ni ó rí ẹni tí yóò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò lónìí. Ohun kìíní ni pé kí ó mọ ohun tí ó yẹ láti bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lè rí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ọdún bá pọ̀ jù fún ọ̀gá náà. Ó lè lo ẹ̀rọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi ra tirẹ̀. Ó sì lè bá àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n dá èsúsú, kí ó fi owó tí ó bá kó ra ohun èlò. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lọ fa àwọn oníbàárà ọ̀gá rẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn tí ó gbà wọlé.

Ohun kejì ni pé kí ó ya ìfẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣirò. Bí ó bá yá owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò san án sílẹ̀. Bí ìbátan bá wá mú ọjà lórí àtẹ, kí ó fi ọ̀wọ̀ gba owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ni àwìn ará ilé ti sọ di òfìfo, tí ọjà lọ tí ìfẹ́ náà sì bá a lọ.

Ohun kẹta ni pé kí òun náà jẹ́ ojúlùmọ̀ rere fún ẹlòmíràn. Ẹni tí a gbé dìde ní àná ni ó yẹ kí ó gbé ẹlòmíràn dìde lọ́la. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tí yóò bá a gbé ẹrù kò ní wọ́n ọn ní ọjọ́ tí ẹrù bá wúwo.